Iṣẹ́ Tí Rahmah Kò Jẹ́

"Rahmah, gbé ojú sókè, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá yín dà?"

Dókítà Harold ló sọ bẹ́ẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Zakariyah, àbúrò Rahmah, dùbúlẹ̀ sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ihò wà nínú ọkàn ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá wọn fi ń di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú láràárọ̀, kó tó jẹ́ kó jáde nílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bí iṣan bá ti ń lù kì-kì lábẹ́ ìka rẹ̀, á ní, "Alihamudulilahi. Máa lọ, ọkọ mi."

"Wọ́n lọ kírun Àílà, sà."

"Ó dáa. Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ni ọ́, yóò yé ọ. A ti dí ihò náà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ ọkàn rẹ̀. Ẹ̀rọ la fi ń bá a gbé ẹ̀jẹ̀ kiri. Ọkàn a máa ti ẹ̀jẹ̀, á sinmi, á tún tì í. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí iṣan lù. Ẹ̀rọ yìí kì í sinmi. Geere ló ń dà á lọ bí omi odò. Bí ìyá yín bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò ní í lù rárá. Kò kú o! Sọ fún wọn kí wọ́n tó wọlé."

Bí dókítà ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ Rahmah. Déọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ló kọ̀wé: "Ìyá àgbà, ṣé o ti sùn ni? Gbogbo wa ti fi fọ́tò ránṣẹ́, tìẹ nìkan ló kù!" Ẹ̀rín ń pa á. Ó gbọ́ "ẹ̀rọ", ó gbọ́ "kò kú". Ìyókù gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

"Ṣé ó yé ọ?"

Ojú tì í láti ní kí wọ́n tún un sọ. "Ó yé mi, sà."

Sàúdátù, ìyá rẹ̀, dé. "Kí ni dókítà wí?"

"Wọ́n ní kò séwu, Màámi."

Ẹ ò rí nǹkan! Iṣẹ́ tí a rán ni kì í ṣe ẹrù igi tí a lè sọ̀ sí agbedeméjì ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn. "Ṣé wọ́n ti sọ bó ṣe wà fún yín, mà?"

"Ọmọ mi ti sọ fún mi."

Kò pẹ́ tí igbe fi ta. Sàúdátù di ọwọ́ ọmọ mú, ó wá iṣan títí, kò lù. Ó gbé ọwọ́ kejì. Rọ́rọ́ ló dákẹ́. "Wọ́n ti pa Zakariyah fún mi o!" Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá a jà tipẹ́ gun orí lọ, ó ṣubú lulẹ̀. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, kò jí mọ́. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti kírun sí ìyá náà lára, wọ́n sì ti sin ín.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọkàn Zakariyah gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó lajú. "Sísítà mi, Màámi dà?"

Rahmah sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ọmọ náà bi í pé:

"Kí ló dé tí ẹ ò ní kí dókítà tún un sọ?"

Zakariyah kọjú sí ògiri, ó ń sunkún láìpariwo.

Abéèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí a bá rán yín níṣẹ́ tí kò yé yín, ẹ ní kò yé yín. Ìtìjú ìbéèrè kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àbámọ̀ "ó yé mi" tí Rahmah sọ lọ́jọ́ náà kò tí ì tán, kò sì jọ pé yóò tán.