Agbá Àmì Tí Ó Ṣí Kúrò Nípò Rẹ̀

Lójú òkun, kò sí ojú ọ̀nà. Omi ni níwájú, omi ni lẹ́yìn. Ohun tí awakọ̀ fi ń mọ ibi tí omi ti jìn tó ni àwọn agbá ńláńlá tí a kùn ní ọ̀dà, tí wọ́n ń léfòó, tí a sì fi ẹ̀wọ̀n irin so mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Agbá àmì ni wọ́n. Bí ọkọ̀ bá ń ti òkun bọ̀ wá sí èbúté Èkó, agbá pupa ni yóò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, agbá aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ó bá ń jáde lọ, wọn a yí padà. Ẹni tó bá gba àárín wọn kọjá, a délé.

Oyèdìran, ọmọ Ìlobù, mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ojú ọmọ ìyá rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Omi tó pọ̀ jù tó rí ní kékeré kò ju odò tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ lọ. Síbẹ̀, nígbà tí yóò fi di ọdún 1993, wọ́n ti fa ọkọ̀ akẹ́rù kan lé e lọ́wọ́ ní Èkó. Bí ó bá wálé, a máa fi àwọn ará ilé ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Òun kò gbàdúrà. Òun mọ àmì, òun sì ní ońdè kan ní ìbàdí tí kì í jẹ́ kí omi gbé èèyàn.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé agbá lè ṣí kúrò nípò. Kí ó tó gba agbá gbọ́, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí a kọ́ sórí ilẹ̀, ìbáà ṣe òpó tàbí ilé gíga, kí ó mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì bára mu. Oyèdìran ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nígbà tó yá, ó sú u.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Ọládèjì, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Àwọn ará ilé a máa kùn, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì kò tán rí. Oyèdìran a ní ayé ti lajú. Ní Èkó, yàrá kan ni òun àti Ọládèjì jọ ń sùn, àwo kan ni wọ́n jọ ń jẹ. Iṣẹ́ Ọládèjì ni láti bá àwọn tó ń tọ́jú agbá àmì kùn wọ́n, kí ó sì máa yẹ ẹ̀wọ̀n wọn wò.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1996, Oyèdìran fẹ́ kó ẹrù jáde, ó sì bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá gbogbo agbá wà nípò.

Ọládèjì ní, "Máa lọ. Mo fọwọ́ ara mi kàn wọ́n lánàá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ń padà bọ̀, ọyẹ́ ti bo ojú omi, wọn kò rí ilẹ̀. Agbá pupa kan yọ níwájú. Oyèdìran fi í sí ọwọ́ òsì, ó ń lọ. Ọkọ̀ gun orí iyanrìn, ìgbì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dojú dé. Wọ́n fa Oyèdìran yọ láàyè. Ṣínà, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

Ọládèjì wá sí ìsìnkú ní Ìlobù. Ó bá wọn gbé pósí. Ó sunkún ju ọmọ ìyá lọ.

Lẹ́yìn oṣù kan ni òótọ́ jáde. Ọládèjì àti àwọn kan ti tú ẹ̀wọ̀n agbá náà, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n sì fi okùn lásán so agbá. Okùn já, agbá rìn lọ sórí iyanrìn. Nígbà tó ń sọ pé òun fọwọ́ kàn án, ó mọ̀. Nígbà tó ń gbé pósí, ó mọ̀.

Oyèdìran fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wálé, ó sì gbé ògógóró lé ẹnu. Aládùúgbò wọn, Jàlálù, kò sì jẹ́ kó sinmi. "Ọ̀rẹ́ Ìfọ́n, a wí fún ẹ. O ní ayé ti lajú."

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Oyèdìran gbọ́ pé Ọládèjì wà nílé ní Ìfọ́n. Ó gbé àdá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń pọ́n ọn. Ibẹ̀ ni Tèmítọ́pẹ́, opó Ṣínà, bá a. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé oko lẹ ń lọ pẹ̀lú aṣọ ìròde yìí?"

"Ìyàwó, dìde. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni mò ń lọ parí."

Kò dìde. Ó ní Ṣínà a máa to ìdérí ìkòkò sórí ẹní láti fi kọ́ òun ní agbá àmì, pupa síhìn-ín, ewé sọ́hùn-ún, kò sì jẹ́ kí òun gbàgbé pé ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ wo orí ilẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, Bọ̀ọ̀dá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ta ló wo orí ilẹ̀?"

Àdá dúró lórí òkúta. Oyèdìran wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ṣínà ní kí n dúró kí ọyẹ́ ká, kí a lè rí ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ lu ońdè mi, mo ní ojo ni."

Tèmítọ́pẹ́ sunkún, ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ọládèjì dà yín. Ẹ̀yin náà da ọkọ mi. Èmi náà ti bínú sí Ọlọ́run, n kò lè kọrin mọ́. Jésù nìkan ni kò da ẹnikẹ́ni rí, ẹni tó bá a jẹun ló sì tà á. Orí igi ló wà tó ń tọrọ ìdáríjì fún wa. Bọ̀ọ̀dá, bí ẹ bá pa Ọládèjì, ta ni yóò wẹ ọwọ́ tiyín?"

Oyèdìran tú ońdè náà, ó jù ú sílẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ lórí eruku. Àdúrà rẹ̀ kò gùn: "Jésù, èmi ni mo pa àbúrò mi. Gbà mí."

Ó fi àdá sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n. Ọládèjì rí i, ó sá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn ará Ìlobù kò mọ̀ ju kí wọ́n purọ́ mọ́ àwọn lọ.

Oyèdìran ní, "N kò wá jà. Èmi náà jẹ̀bi. Mo ti dárí jì ọ́."

Ọládèjì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Títí di òní, kò tíì bẹ̀ ẹ́. Ó ṣì ń dun Oyèdìran, pàápàá bí ó bá rí àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó jọ ń jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó padà sílé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ohun tí Ṣínà sọ fún un nínú ọyẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá wọ́n ti dà ọ́, tí o sì ń pọ́n àdá tìrẹ nínú ọkàn. N kò ní sọ pé kò dùn ọ́. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ọ́ kò lè bo èyí tí ìwọ ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, Ọlọ́run sì rí méjèèjì. Jẹ́wọ́ tìrẹ fún Jésù kí o tó ká ìwé yìí. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Ṣínà náà ní ọ̀la lọ́kàn. Má sì dúró de ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ kí ó wá bẹ̀ ọ́. Ó lè má wá. Jésù ti wá.