Wáyà Tí Tẹ́sítà Kò Ké Lára Rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní àdúgbò yẹn, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí àwọn òpó irin gíga náà lọ́kàn, tí wọ́n ń gbé iná láti odò jíjìn lọ sí ìlú ńlá, tí àwa tó wà nísàlẹ̀ wọn sì ń tan àbẹ́là.

Oníṣẹ́-iná àdúgbò wa, Ọ̀gá Wáyà, ń mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé. Iléeṣẹ́ tó ni òpó wọ̀nyẹn ló ń bá ṣiṣẹ́, nítorí náà gbogbo àdúgbò ló kórìíra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni olórí wọn.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Káàárọ̀ fún ta ni? Ẹ̀ ń gbé oúnjẹ kọjá lójú ẹni tébi ń pa, ẹ ò ju èérún síni."

"Mo ti ṣàlàyé fún yín. Iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀ nínú wáyà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ń lọ tààrà ni, kó má baà ṣòfò púpọ̀ lọ́nà jíjìn. Ilé ẹ̀rọ ńlá ló ń yí i padà. Tiransifọ́mà lásán ò lè sọ ọ́ di iná ilé."

"Ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń bó wáyà!"

"Ẹ ṣáà má dé ìdí òpó lónìí. A ti pa ọ̀kan nínú wáyà gíga méjèèjì láti tún un ṣe. Wáyà kékeré ẹ̀yìnkùlé yín yẹn ni iná ń gbà wọlẹ̀ báyìí."

"Ẹ ti paná, àbí?"

"Ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n! Ọ̀kan ni mo wí!"

"Jáde nílé mi."

Ìdajì ọ̀rọ̀ ló mú. Kó tó di pé wọ́n tanná padà, ó fẹ́ so àdúgbò mọ́ wáyà kékeré náà. Ó gbé tiransifọ́mà àlòkù sídìí òpó kékeré tó gbé wáyà ẹ̀yìnkùlé náà, ó gun àkàbà, ó na tẹ́sítà tó fi ń mọ̀ bóyá iná wà sí wáyà. Tẹ́sítà tí ń ké bí òròmọdìẹ létí iná ilé kò fọhùn.

"Ó ti kú!"

Àwa tó ń wòran pàtẹ́wọ́. "Ṣọ́ọ̀bù tèmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tàn o!" ni agẹrun ìtòsí wí.

Bó ti so ó mọ́ ọn ni tiransifọ́mà ń rú èéfín.

"Ẹ yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́!"

Ó fa wáyà náà yọ. Ahọ́n iná tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀, kò já, kò kú, títí ó fi ré bọ́ láti orí àkàbà.

Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

"Inú ẹ dùn báyìí?" ló bi àbúrò rẹ̀.

"Ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n gé. Kí ni yóò dùn mọ́ mi? Tẹ́sítà yẹn, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nìkan ló mọ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹ́jú, ahọ́n rẹ̀ sì lè kú níbẹ̀. Tiwa kì í ṣẹ́jú."

Ọ̀gá Wáyà kọjú sí ògiri. Agẹrun ti ń sọ káàkiri pé òun kìlọ̀ fún un. Òkùnkùn wa kò yẹ̀.

Ẹ̀yin tí òpó ń kọjá lórí ilé yín, ẹ bínú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ para pọ̀ gbé ìbínú yín lọ síwájú àwọn tó ń ṣètò iná. Ẹ má gbé e gun àkàbà. Tẹ́sítà tó dákẹ́ kò sọ pé wáyà ti kú. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń gun òpó, ẹ pè é sọ̀ kalẹ̀. Àwa pàtẹ́wọ́ fún tiwa, kò sì ní ọwọ́ méjì tí yóò fi pàtẹ́wọ́ mọ́ láéláé.