Bí O Bá Fi Ihò Ọ̀tún Bẹ̀rẹ̀

Píìnì mẹ́ta ló wà láàárín ètè obìnrin aránṣọ kan lọ́jọ́ tí ìfẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìfẹ́ ò kúkú kan ilẹ̀kùn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tìmùtìmù méjìlá ló gbé wọlé, wọ́n ga bo ojú ẹni tó gbé wọn mọ́lẹ̀, bàtà nìkan lèèyàn ń rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán aṣọ sí ìwọ̀nyí," ni ohùn kan wí látẹ̀yìn tìmùtìmù.

Aránṣọ mi orí, kò lè sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó mà dára o! Ẹnu yín ti dí, imú nìkan lẹ fi ń mí. Àwọn tí mò ń kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó lè ṣe é!"

Olùkọ́ yógà ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan ní òdìkejì títì, lókè ilé alágbàfọ̀. Ọ̀gá Èémí ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí aránṣọ gbé tìmùtìmù lọ fún un, àtẹ̀gùn méjìlélógún ló gùn, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá lé. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni àyà rẹ̀ ti máa ń há bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Èémí mú un jókòó.

"Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò imú ọ̀tún. Ẹ fa èémí gba òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tó. Ẹ fi ìka tó tẹ̀lé ọmọńdinrín dí òsì, kí ẹ tú u gba ọ̀tún. Ẹ fà á padà gba ọ̀tún, ẹ tú u gba òsì. Òsì ni ti òṣùpá, ó ń tuni lára. Ọ̀tún ni ti oòrùn, ó ń fúnni lágbára. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ọkàn á jókòó, èèyàn á gbọ́ ohun tí ẹ̀mí rẹ̀ ń sọ."

"Kí ni tèmi ń sọ?"

"Ó ní ẹ ò tíì jẹun láàárọ̀."

Òótọ́ ni! Ni wọ́n bá jọ rẹ́rìn-ín.

Àràárọ̀ ló wá ń lọ. Òfin méjì ló wà níbẹ̀: gbogbo wọn á fi ihò òsì bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ tàbí lajú títí agogo á fi dún, àfi bíríkìlà kan, ẹni tó pẹ́ jù níbẹ̀, tó máa ń sùn hanrun láìmọ̀. Àyà tó há tú. Nídìí máṣíìnì rẹ̀, aránṣọ wá dá orin kan sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lù ú:

*Òsì wọlé, ọ̀tún jáde,*
*Ọ̀tún wọlé, òsì jáde,*
*Èémí mi, má sáré,*
*Ilé la jọ ń lọ.*

Ọ̀gá Èémí á ṣí fèrèsé òkè, á máa gbọ́ ọ. Bí orin bá dákẹ́, á na ọrùn síta: "Aránṣọ mi, ṣé okùn já ni?"

Ìfẹ́ ọ̀hún dùn! Ó dùn mọ́ wọn lára bí omi tútù lọ́sàn-án gangan.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Ọ̀gá Èémí dá a dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Olólùfẹ́ mi, ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà jíjìn kọ̀wé pè mí. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni kí n bá wá. Bí o bá máa fẹ́ mi, mi ò lọ mọ́. Bí o ò bá ní fẹ́ mi, mi ò lè gbé òkè yìí kí n máa gbọ́ orin rẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n bá ìyá mi sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ rárá, jọ̀ọ́, má fẹnu sọ ọ́ fún mi, etí mi ò ní lè gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí o bá fi ihò ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, mo ti níyàwó. Bí o bá fi òsì bẹ̀rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn, mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí aránṣọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá dìde, ó tún ìró ró, ó tún jókòó.

"Iṣẹ́ wo lo ní ó ń ṣe?"

"Ó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń mí."

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n mí? Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ń mí! Ewúrẹ́ ń mí, kò lọ kọ́ ọ níbì kankan! Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ káfíńtà, ó rí àga jókòó. Ìwọ, bí ebi bá dé, ṣé afẹ́fẹ́ lẹ máa bù sáwo?"

"Ìyá mi, òun ni mo fẹ́."

Ni ẹkún bá dé. Láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú ni aránṣọ ń sun ún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Irú ẹkún yìí, mi ò gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ kú. Mi ò lè fọwọ́ mi pa ọmọ mi. Lọ fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Afẹ́fẹ́ rẹ."

Aránṣọ dì mọ́ ọn, ó sáré jáde. Ó gun àtẹ̀gùn ní méjì méjì. Wọ́n ti jókòó. Ọ̀gá Èémí wà níwájú, ó wo ojú aránṣọ fìrí, ó sì wolẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Aránṣọ jókòó, ó fi ìka dí òsì, ó fa èémí gba ọ̀tún.

Kò wọlé.

Ó tún fà á. Ó dí pa! Ẹkún ọ̀sán gbogbo ti dí ihò ọ̀tún bí ẹni fi òwú dí i. Kí ni kó ṣe? Òfin ni òfin, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Bí agogo bá dún, màá fi ẹnu mi sọ ọ́." Ó pa ojú dé, ó sì fi òsì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni Ọ̀gá Èémí gbójú sókè.

Nígbà tí agogo dún, bíríkìlà ló lù ú. Tìmùtìmù iwájú ti lọ.

"Ọ̀gá dà?"

"Ó ti gbé àpò rẹ̀. Ó ní kí n bá òun dágbére fún yín."

Aránṣọ sá lọ sí ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni. Èéfín ọkọ̀ ló bá. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ilé ẹ̀kọ́ náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá: wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Orin dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kan, aránṣọ fi píìnì sẹ́nu, ó gbójú sókè. Tìmùtìmù kan ló rí, ẹyọ kan péré, ojú rírán rẹ̀ ti já.

"Ìyàwó mi ní kí n sọ ọ́ nù," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ó ń dúró dè mí níta. Mo ní ẹni tó rán an nìkan ló lè tún un rán."

*Ìyàwó mi.* Ọ̀rọ̀ náà gún un ju píìnì lọ. Ó yọ wọ́n lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

"Imú mi ló dí," ó ní.

"Kí lẹ wí?"

"Lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ìyá mi ti gbà. Mo ti sunkún jù, ihò ọ̀tún ò ṣí."

Ọkùnrin náà di tábìlì mú. "Mo rí ojú rẹ tó wú. Mo rò pé o ti sunkún kí o tó lè kọ̀ mí. Mi ò lè sunkún lójú èèyàn, ni mo ṣe dìde."

Aránṣọ mú abẹ́rẹ́, ó rán ojú tó já náà, rírán wẹ́wẹ́ tí kò ní tú láé. Ó gbé e fún un. Kí ọkùnrin náà tó yí padà, aránṣọ gbé ìka sókè, ó dí ihò òsì, ó sì fa èémí gba ọ̀tún, gígùn, mímọ́, láìsí ìdíwọ́ kankan.

"Mo ti rí i, olólùfẹ́ mi," ni ọkùnrin náà wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, níṣojú aránṣọ gan-an, kò sì fara pamọ́.

Ó jáde. Aránṣọ mú èémí náà dání, ó ń gbọ́ bàtà ẹni méjì lójú títì, títí kò fi gbọ́ wọn mọ́. Ìgbà náà ló wá tú u sílẹ̀ gba òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe kọ́ ọ.