Kò Gbọ́, Ó Ní Òun Gbọ́

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òjò fi rọ̀ ní Yalkarra, oko àgùntàn kan ní Australia, kó tó dá díẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Noreen Tregenza ti jí, ó ti gbé omi tíì kaná, ó sì ń dín ẹyin fún ọkọ rẹ̀. Odò tó wà láàárín oko wọn àti ọ̀nà ńlá ti kún bo afárá. Àrá ti ba àwo íńtánẹ́ẹ̀tì orí òrùlé jẹ́, òpó tẹlifóònù orí òkè sì ti dákẹ́ láti àná. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun sí wọn nínú gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ wà nílé, àwọn àgùntàn wà lórí ilẹ̀ gíga, rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ sì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bátìrì ọkọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Clive ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé níwọ̀n ìgbà tí rédíò yẹn bá ṣì ń tàn, àwọn ò dá nìkan wà.

Clive ní òun fẹ́ lọ kó igi ìdáná wọlé kí ẹyin tó jinná. Noreen ní kó wọ bàtà gígùn o, nítorí pé omi ti lé gbogbo ejò jáde nínú ihò.

"Ìwọ obìnrin yìí, ìṣísẹ̀ ogún péré ni," ni Clive dá a lóhùn. Sálúbàtà ló wọ̀ jáde.

Nígbà tó padà dé, kò kó igi kankan dání. Ó di ẹnu ọ̀nà mú, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kó èèyàn láyà sókè. "Ejò ti bù mí jẹ, Noreen. Àwọn aláwọ̀ igi yẹn ni. Ọrùn ẹsẹ̀ ni."

Noreen yára lọ mú báńdéèjì wá. Kò fọ ojú ibẹ̀, nítorí pé oró tó bá kù sára ni àwọn dókítà fi ń mọ irú ejò tó ṣọṣẹ́. Kò fi abẹ sín in, kò sì fẹnu fà á. Ó mú kí Clive dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó fi báńdéèjì dí ẹsẹ̀ náà le láti ọmọ ìka dé itan, ó so igi ìgbálẹ̀ mọ́ ọn kó má baà mira, ó wá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dìde fún ohunkóhun. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Ó pè lórí rédíò títí, ẹnì kankan kò dáhùn. Ó wá rántí pé bó bá di aago mẹ́jọ, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò péjọ sórí afẹ́fẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onírédíò, Lindsay Kneebone, á máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kàn á dáhùn, Kneebone á sì sọ bí òun ṣe gbọ́ ọ sí. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe já gaara tó, kò lè ju márùn-ún lọ. Ìkejì ni bí ohùn ṣe lágbára tó, mẹ́sàn-án ni òpin rẹ̀. Láti ọdún kan àbọ̀ tí Noreen àti Clive ti wọ ẹgbẹ́, márùn-ún àti mẹ́sàn-án ni Kneebone ń fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń fún gbogbo èèyàn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Aago mẹ́jọ lù. Ohùn Kneebone wọlé, kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yéni. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ tòmátì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó wá pe orúkọ Noreen.

"Lindsay, ejò ti bu Clive jẹ," ni Noreen wí. "Omi ti dí ọ̀nà, tẹlifóònù ti kú. Bá mi pe àwọn dókítà oníbàálù kíákíá. Ṣé o gbọ́ mi?" Ó tú ọwọ́ sílẹ̀ lára bọ́tìnnì, ó ń dúró.

"Káàárọ̀, Noreen," ni Kneebone wí. "Mo gbọ́ ọ kedere, márùn-ún àti mẹ́sàn-án bí ìṣe rẹ. Bá mi kí Clive. Ó kan Wes Pengilly."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò mọ bó ṣe rí lára yín, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá rántí rẹ̀ ni inú ń bí mi. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àṣà ẹnu rẹ̀ ló dáhùn, ó fàmì sí iwájú orúkọ nínú ìwé, ó sì kọjá lọ.

Clive gbójú sókè láti ilẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ó ní kí n kí ẹ."

Clive rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Noreen já lu ọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó dúró. Wọ́n parí ìpàdé, wọ́n kí ara wọn, oníkálukú pa tirẹ̀. Ó ń pè ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún títí aago mẹ́wàá fi kọjá. Nígbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá eyín Clive, Noreen sì mọ̀ pé bí òun bá jókòó ti bọ́tìnnì yẹn, òun á jókòó ti òkú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀ bí Clive ti kọ́ ọ, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó wọn bátìrì, iná rẹ̀ pé. Ó yọ fíúùsì wò, kò jó. Ó fún gbogbo ẹnu wáyà le. Ó wo mítà kékeré tó wà láàárín rédíò àti wáyà áńténà. Agbára tó bá ṣẹ́rí padà láti òkè ni mítà yẹn ń kà. Bí áńténà bá dára, agbára á jáde lọ, abẹ́rẹ́ kò ní gbéra. Noreen tẹ bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ kò mira. Gbogbo nǹkan dára, gẹ́gẹ́ bí mítà ti wí.

Ó wá fa aṣọ òjò borí, ó jáde lọ wo òkè.

Áńténà ti já. Atẹ́gùn òru ti gé e kúrò lórí òpó, okùn bàbà gígùn méjèèjì wà nínú ẹrẹ̀. Orí wáyà dúdú tó ti inú ilé wá ń fì lókè níbẹ̀, kò di nǹkan kan mú. Noreen dúró nínú òjò, ó ń wò ó. Ó sáré wọlé, ó tún tẹ bọ́tìnnì. Abẹ́rẹ́ ṣì sùn. Mítà ń sọ fún un pé áńténà tó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ẹnu wáyà dúdú náà. Omi ro jáde. Bàbà tó yẹ kó máa dán nínú rẹ̀ ti dúdú, ó ti hu àwọ̀ ewé. Wáyà tó bá ti mu omi báyìí, inú rẹ̀ ni agbára ń kú sí, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Kò sí ohun tó ń dé òkè, nítorí náà kò sí ohun tó ń padà, mítà á sì máa sọ pé àlàáfíà ni. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n fura ni pé wọ́n ń gbọ́ àwọn tí ẹ̀rọ wọn lágbára. Wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn, àwọn èèyàn kò gbọ́ tiwọn, wọ́n sì ń gba márùn-ún àti mẹ́sàn-án láràárọ̀.

Ọwọ́ Kneebone ni wọ́n ti ra wáyà yẹn nígbà tí wọ́n wọ ẹgbẹ́, ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ń ta àlòkù, tí oníkálukú ń ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Clive béèrè bó bá ṣì dára. Kneebone so ó mọ́ mítà lójú wọn. "Wò ó, ọ̀rẹ́ mi, abẹ́rẹ́ sùn bí ọmọ ọwọ́," ló wí. "Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ló máa jogún wáyà yìí." Ohun tí kò sọ ni pé inú koríko lẹ́yìn ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti kú lòun ti fà á jáde, níbi tó ti lo ọdún méjì, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sójò. Ó fọ̀ ọ́, ó fi òróró nu ara rẹ̀, ó fi ẹnu tuntun tó ń dán sí i lórí. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Noreen kò ní àyè ìbínú nígbà yẹn. Ó wọ́ okùn bàbà méjèèjì láti inú ẹrẹ̀ wá sẹ́nu fèrèsé. Ó ju ọ̀kan sórí igi gíga kan, ó so èkejì mọ́ àgbá omi pẹ̀lú okùn ọ̀rá láàárín, kí bàbà má baà kan irin. Ó ki orí ọ̀kan bọ ihò àárín lẹ́yìn mítà, ó so orí èkejì mọ́ ara irin rẹ̀. Kò sí wáyà dúdú láàárín mọ́. Ó dín agbára ẹ̀rọ kù kó má baà jó, ó tẹ bọ́tìnnì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan àbọ̀, abẹ́rẹ́ gbéra díẹ̀. Inú Noreen dùn sí i, nítorí pé òtítọ́ ni mítà ń sọ.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mọ́kànlá àbọ̀. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀keje, ohùn obìnrin kan wọlé.

"Ìwọ tó ń pè yẹn, mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mẹ́ta àti méjì ni mo fún ọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo mú: ejò, ọkọ, Yalkarra. Má yára. Sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì."

Omijé bọ́ lójú Noreen. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un rí pé òun kò gbọ́ ọ.

Elspeth Direen ni orúkọ obìnrin náà, ó ń ṣa èso ápù sínú àpótí ní erékùṣù Tasmania lódìkejì òkun, rédíò rẹ̀ wà létí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á padà, ó ní kí Noreen tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó sọ. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn dókítà lórí fóònù. Nígbà tó fi máa di aago kan kọjá díẹ̀, ẹlikọ́pítà ti balẹ̀ sórí pápá àgùntàn.

Clive kò kú. Dókítà ní báńdéèjì yẹn ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n wákàtí tó fi wà nílẹ̀ pọ̀ jù, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti bà jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Port Augusta báyìí. Wọ́n ti ta àgùntàn, ẹlòmíràn ló ń gbé Yalkarra. Ọkùnrin tó lè fi ẹsẹ̀ rin odindi oko láti òwúrọ̀ dọ̀sán, ó ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ẹnu géètì.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣèpàdé, Noreen gbé wáyà dúdú náà lọ, ó kó o jọ sórí tábìlì níwájú Kneebone. Omi ṣì ń ro lára rẹ̀. Kneebone kọ́kọ́ ní òun kò mọ̀ pé ó ti mu omi. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn rán an létí inú koríko tó ti fà á jáde. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Ti nọ́ńbà yẹn, ọ̀wọ̀ lásán ni, Noreen," ló wí. "Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ láàárọ̀ kùtù pé ohùn òun ò dára?"

"Ìyàwó ẹni tí ejò bù jẹ fẹ́ gbọ́ ọ," ni Noreen wí.

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Kneebone nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí Noreen ti ń wa ọkọ̀ padà sílé, kì í ṣe Kneebone nìkan ló ń bínú sí. Ó rántí Wes Pengilly, bàbá àgbàlagbà tó ń dá gbé níbi kànga tó jìnnà jù lọ. Ohùn Wes kì í ju ti ẹ̀fọn lọ lórí rédíò, márùn-ún àti mẹ́sàn-án sì ni òun náà máa ń fún un, kí inú bàbá lè dùn.

Noreen fúnra rẹ̀ ló ń pe orúkọ láràárọ̀ báyìí, láti ilé tí wọ́n háyà lẹ́bàá ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó kan Wes, ó sọ òtítọ́ fún un. "Wes, mi ò gbọ́ ọ. Mi ò gbọ́ ọ dáadáa rí. Mo ti ń parọ́ fún ọ, má bínú. Tú wáyà rẹ kúrò lára áńténà lókè lónìí, kó o wá tẹ bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ̀lú agbára kékeré. Bí mítà bá ṣì ní kò síyọnu, wáyà ti bà jẹ́, jù ú nù."

Wes gbọ́. Nígbà tó gé wáyà tirẹ̀, omi kún inú rẹ̀. Ara ìdì kan náà ni Kneebone ti gé e fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù ẹ̀rọ, ẹ béèrè ibi tó sùn sí kó tó dọ́wọ́ yín, ẹ gé ẹnu wáyà wò kí ẹ tó sanwó, ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ṣe ẹ̀rí fún yín. Kí ẹ tó nílò rẹ̀, ẹ pe ẹni tí kò mọ̀ yín, kó sọ ohun tó gbọ́ gan-an fún yín. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń bi léèrè, bí ẹ kò bá gbọ́ èèyàn, ẹ sọ fún un pé ẹ kò gbọ́, kó lè tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe nígbà tí kò tíì sí ejò nílé.