Nọ́ńbà Tí Òkú Ń Pè

Ọ̀gá kòtò ló dí gọ́tà òkè, òun náà ló sì purọ́ mọ́ òkú. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, torí àwọn kan ti ń pè é ní ìtàn iwin, bí ẹni pé iwin ló ṣẹ̀.

Kòtò ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun ni. Ògiri rẹ̀ ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà sí orí rẹ̀ kí omi òjò lè gba ibòmíràn. Omi kì í jà lójú ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá dí ọ̀nà rẹ̀, á wọnú òkúta, á jókòó, á máa wúwo. Ọ̀gá kòtò mọ èyí. Síbẹ̀ ó ní kí wọ́n da erùpẹ̀ sí gọ́tà náà kí ọkọ̀ akóòkúta lè gba orí rẹ̀ kọjá, torí ọ̀nà tó dára jìn díẹ̀.

Bàbá Oníteèpù ni òṣìṣẹ́ tó ń wọn ògiri. Ó kan èèkàn irin méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó ti là lókè. Láràárọ̀, á na téèpù láàárín wọn, á ké nọ́ńbà tó bá rí sísàlẹ̀, ọ̀gá á sì dáhùn pé, "Mo gbọ́." Òfin kòtò ni. Ẹni tó bá dáhùn, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀mí àwọn tó wà nísàlẹ̀ wà.

"Ínṣì mẹ́ta o!"

"Mo gbọ́!"

Lọ́jọ́ kejì: "Méje o! Ọ̀gá, ẹ kó wọn jáde!"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣé ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún òkè ni, tẹ́ẹ ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́?"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Bàbá pe mọ́kànlá, ọ̀gá dáhùn, kò kó ẹnì kankan jáde. Bàbá sáré sọ̀ kalẹ̀ láti fọwọ́ ara rẹ̀ fa àwọn mẹ́rin tó wà lábẹ́ ògiri. Ògiri ya bò wọ́n, àwọn márààrún.

Nígbà tí wọ́n ń wádìí, ọ̀gá ní, "Kò pe nọ́ńbà kankan. Ó sùn lọ ni." Àwọn tó gbọ́ ti wà lábẹ́ òkúta. Àwọn ìdílé mẹ́rin yẹn ò dá opó Bàbá lóhùn mọ́, wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ọmọ Asùnpànìyàn nílé ìwé.

Ọ̀gá kó iṣẹ́ lọ sí ògiri kejì. Ó dí gọ́tà tibẹ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ń fọ ẹnu ní balùwẹ̀. Ohùn kan gòkè wá láti ihò omi, bí ẹni tí ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

"Ínṣì mẹ́ta o."

Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn: "Mo gbọ́." Itọ́ tó tu funfun bí ẹfun.

"Ta lẹ̀ ń dá lóhùn?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Kò sẹ́ni kankan."

Ẹ̀san, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ilé mi ló fẹ́ wó. Ó da sìmẹ́ńtì dí ihò náà, ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sílé àna rẹ̀, kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ó ń fọwọ́ pa ògiri ilé láti iyàrá dé iyàrá, ó ń wá ibi tó là. Àbúrò rẹ̀, tó ń wa katakata ní kòtò, yà kí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti lé ìyàwó, ẹ ti lé ọmọ. Ṣé ẹ fẹ́ fi ògiri ṣaya ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn náà la sìmẹ́ńtì kọjá: "Méje o." Ẹnu rẹ̀ tún dáhùn.

Ọjọ́rú, "Mọ́kànlá o. Ọ̀gá, ẹ kó wọn jáde." Kò sí ìbínú nínú ohùn náà. Ọ̀gá dáhùn, ó sáré bọ́ sí ìta, ó dúró, ó ń retí kí ilé wó. Ilé ò mì.

Fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin tó gba iṣẹ́ Bàbá ni.

"Ọ̀gá, látàná ni mo ti ń pè yín, ẹ ò gbé e! Ògiri kejì ti di ínṣì mọ́kànlá. Méje ni lánàá, mẹ́ta ni lọ́jọ́ Ajé. Mò ń ké láti òkè, kò sẹ́ni tó ń dáhùn, wọ́n ní àwọn ò ní jáde àfi tí ẹ bá pàṣẹ."

Ìgbà náà ló tó yé ọ̀gá. Òkú ò wá gbẹ̀san. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

"Àbúrò mi dà?"

"Abẹ́ rẹ̀ náà ló wà. Ẹ sọ̀rọ̀, ọ̀gá, kí n—"

Ariwo tó tẹ̀ lé e gba inú fóònù wọlé sí i létí, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí ògiri kejì wó, àwọn ìdílé òkú pé jọ sí ẹnu ọ̀nà kòtò. Ìyá ọ̀gá jókòó sórí ilẹ̀. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀, ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́.

"Gbé ohùn sókè," opó Bàbá wí. "Àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn."

Ó gbójú sókè. Ahọ́n rẹ̀ funfun.

"Èmi ni mo dí gọ́tà méjèèjì. Bàbá Oníteèpù ò sùn. Ó pe nọ́ńbà, ó bẹ̀ mí, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó kú, mo di ẹ̀bi rù ú, torí òkú ò lè bá mi jiyàn. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, bàbá yín kì í ṣe apànìyàn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ náà, ó wá kìlọ̀ fún mi kí àbúrò mi má baà kú, àmọ́ ilé ni mò ń ṣọ́. Ìyá mi, èmi ni mo pa ọmọ yín. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dárí jì mí. Mo jẹ̀bi yín. Ẹ má bínú."