Téèpù Asa Pettry

Ẹnì kan fọ́ fèrèsé ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì tó wà nílùú Harlow Fork, ó sì wọlé. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kò sì wo kámẹ́rà tó wà lórí tábìlì. Téèpù kan ṣoṣo ló mú nínú páálí tí téèpù kún inú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inspẹ́kítọ̀ Vernon Stiltner dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìgò tó fọ́ sílẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ pé irú olè wo lèyí.

Lórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Dókítà Renata Bielski ń sunkún bí ẹni tó ṣòfò. Orin ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì náà. Láàárọ̀ ọ̀la ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ilé ìtẹ̀wé bá gba ìwé tó kọ, iṣẹ́ rẹ̀ di tirẹ̀ títí ayé. Bí wọn ò bá gbà á, kó kẹ́rù kúrò nílùú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Wọn a máa pọ́n ènìyàn lé fún ọdún gbọọrọ, wọn a wá fi ìwé ẹyọ kan lé e.

"Kí ló wà nínú téèpù yẹn, Dókítà?"

"Asa Pettry ni, bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta gòjé òyìnbó lórí òkè yìí kó tó kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mabry ló lọ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tóun náà wà lọ́dọ̀ọ́. Ó wá kọ̀wé pé Asa nìkan ló ń fa okùn gòjé ẹ̀ le, tí ohùn ẹ̀ fi ga ju ti gbogbo ayé lọ, pé àṣírí àwọn baba ńlá ẹ̀ ni. Ìwé yẹn ló sọ Mabry di ẹni ńlá."

"Ẹ̀yin wá ní kí ni?"

"Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì ẹ̀rọ Mabry ti ń kú lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ ń lọ́ra. Ohùn téèpù tí ẹ̀rọ bá fi ìlọ́ra gbà máa ń ga ni, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ tí ara ẹ̀ yá. Fíríìjì ìyàwó Asa ń kùn lẹ́yìn. Bí iná ṣe ń kùn nílé tèmi náà ló ṣe ń kùn nílé tiyín, kì í yàtọ̀. Àmọ́ nínú téèpù yẹn, kíkùn fíríìjì ga. Bí gòjé ṣe fi ga ni fíríìjì náà fi ga."

"Ẹ ò ṣe ẹ̀dà ẹ̀?"

"Ẹbí Asa ò gbà. Téèpù yẹn nìkan ló wà."

Stiltner yíjú sí Lorraine Hatcher, ìyá tó jẹ́ olóòtú ilé ìtẹ̀wé. "Ta ló ní kí wọ́n gbé e kúrò ní yàrá Yunifásítì tí wọ́n tì í mọ́ wá síbí?"

"Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tó bá wa yẹ ìwé náà wò. Ó ní àfi tóun bá gbọ́ téèpù gan-an."

"Orúkọ ẹ̀?"

"Vernon, mo mọ ìyá ẹ, má jẹ̀ẹ́ n bú ẹ. A kì í dárúkọ aláyẹ̀wò. Adájọ́ ì báà ní kí n sọ ọ́, màá kọ́kọ́ lọ sùn lẹ́wọ̀n ná."

Stiltner ti mú olè púpọ̀, àmọ́ kò tíì rí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń da aṣọ bo ojú ẹni tó fẹ́ dá ọ lẹ́jọ́, tí ìwọ náà á sì fọwọ́ sí i. Ó tú páálí náà wò. Kò sí ìkọ̀wé lára téèpù kankan, àmì ọ̀dà aláràbarà nìkan ni.

"Mabry ló fi ọ̀dà sàmì sí wọn," ni Renata wí. "Èmi àti òun nìkan la mọ ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́." Ìgbà tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ dá. "Àbí ẹ rò pé èmi ni mo jí i?"

"Iṣẹ́ mi ni kí n máa rò."

Ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n Clayton Mabry ló gbà lọ. Bàbá náà bu kọfí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tí wọ́n ń fi igi dáná sí.

"Kí lẹ rò nípa ìwé Dókítà Bielski, sà?"

"N ò tíì fojú kàn án. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ lọ."

"Ó ní ẹ ṣàṣìṣe."

"Ta ni kì í ṣe é? Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wó ilé mi, kó wá nǹkan tó le ju kíkùn fíríìjì lọ."

Stiltner mu kọfí rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó sì ní kí bàbá jọ̀ọ́ bá òun kálọ sí ilé ìtẹ̀wé. Àwọn obìnrin méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Stiltner wí, "ẹ ní ẹ ò tíì fojú kan ìwé yìí, èmi ò sì dárúkọ fíríìjì fún yín. Inú ìwé yìí nìkan ni fíríìjì ti di ẹ̀rí, wọn ò sì tíì tẹ̀ ẹ́. Olóòtú àtàwọn aláyẹ̀wò nìkan ló tíì kà á. Aláyẹ̀wò ló mú kí téèpù jáde kúrò nínú àgádágodo. Ẹni tó jí i sì mọ èdè ọ̀dà. Ẹni méjì ló mọ̀ ọ́n. Tí téèpù bá sọnù, iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn bá a lọ. Ó wá ku ta ni?"

Lorraine gbé ojú kúrò lára Mabry.

"Mo ti sun ún nínú sítóòfù," ni bàbá náà wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kíkùn yẹn. Mo gbọ́ ọ, mo sì pa ẹ̀rọ."

Renata jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó tán fún mi nìyẹn. Sà, mi ò tíì pé ogún ọdún nígbà tí mo ka ìwé yín. Òun ló gbé mi dé orí òkè yìí. Ẹ ò bá ti pè mí kẹ́ ẹ bú mi."

Stiltner bi olóòtú pé, "Ìyá, ṣé ẹnu ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀ ò tó ẹ̀rí?"

"Ó ju téèpù lọ," ni Lorraine wí. "Tó bá lè tún un sọ níwájú ìgbìmọ̀ lọ́la."

Gbogbo wọn wo bàbá náà. Wọ́n mọ̀ pé bó bá sọ ọ́, orúkọ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ti wó nìyẹn. Ẹ̀rù bà á, ó sì hàn lójú rẹ̀. Síbẹ̀, ó mi orí pé òun á sọ ọ́, ó sì na ọwọ́ sí Stiltner pé kó kó ṣẹkẹṣẹkẹ sí òun.

"Bielski," ni Mabry wí, "báwo ni Asa ṣe ń fa okùn ẹ̀ gan-an?"

"Bí gbogbo èèyàn ṣe ń fa tiwọn ni, sà."

"Kò sí àṣírí kankan?"

"Kò sí. Okùn kan náà ni. Kò kàn sí ẹlòmíì tó lè ta á bíi tiẹ̀ ni."

Ìgbà yẹn ni Mabry bú sẹ́kún, nítorí ohun tí ìwé tirẹ̀ ì bá ti sọ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.