Ojú Késárì ní Lẹ́písì

Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Ojú mi ló ṣe. Abẹ́ ère náà ni mo ti ń ta òróró ólífì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó wá sí Lẹ́písì, ìlú wa létí òkun, wá wò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ère Késárì ni, òkúta funfun, ó ga ju ènìyàn méjì lọ. Bí Késárì kan bá ti ṣubú ní Róòmù, iṣẹ́ Bárìkì ẹ̀gbọ́n mi ni láti gbẹ́ ojú ẹni tuntun sára orí ti àtijọ́. Bí ojú ti àtijọ́ bá ṣì wà láàárín ìlú, wọ́n á ní a dìtẹ̀, orí á sì kúrò lọ́rùn ẹnìkan. Bárìkì á gun àkàbà. Á lu òkúta lẹ́ẹ̀mejì, á fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, á tún lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Imú á lọ, àgbọ̀n á lọ. Àwọn Késárì náà kì í sì í pẹ́. Ẹni tó bá ti ní ọmọ ogun lẹ́yìn ló ń pe ara rẹ̀ ní Késárì, wọ́n á wá kó àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè wa lọ́wọ́ jàǹdùkú aṣálẹ̀ lọ bá a jà. Nígbà tó yá, orí ère náà dà bí ọsàn lórí ìkòkò omi.

"Ebi ń pa Késárì o, ó ti ń rù," làwọn ará ọjà máa ń wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a dé ọjà, ojú náà ti yí padà. Ojú ọmọdé ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró òòlù. Kò sí eruku nílẹ̀.

Rógátù, olórí ìlú wa, sáré dé láìwọ bàtà.

"Bárìkì, ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án, Bàbá."

"Ṣé ó gbẹ́ ara ẹ̀ ni?"

Bárìkì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn án. Kò sí eruku níbẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìránṣẹ́ orí ẹṣin dé pẹ̀lú àwòrán Késárì tuntun. Ọmọdé ni. Ojú kan náà ni.

"Ọmọ tí ò tíì já lẹ́nu ọmú ló máa bá wa lé jàǹdùkú aṣálẹ̀?" ni mo wí.

"Pa ẹnu ẹ mọ́, Namgídè!" ni Rógátù jágbe mọ́ mi.

Bárìkì bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, odi ìlú ti ya níhà gúúsù. Ẹ jẹ́ n lọ tún un mọ."

"Odi kì í pa olórí ìlú. Késárì ló ń pa á."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án gangan, tí ọjà bá tú, nǹkan á máa lù bí òòlù nínú òkúta náà. Kì í sinmi, kì í mí.

Lẹ́yìn ìkórè ólífì, a jí, orí náà ti dán bí ẹyin. Kò sí ojú, kò sí imú, kò sí ẹnu. Balógun ọ̀rún kan sì wà nílùú lọ́jọ́ náà.

"Gbẹ́ ojú Késárì padà, kíákíá!" Òógùn ti bo Rógátù.

"Òkúta ti tán, Bàbá. Tí mo bá lù ú, á fọ́."

Rógátù yíjú sí balógun ọ̀rún. "Òun ló pa ojú Késárì rẹ́," ló wí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Mo kórìíra rẹ̀ dòní.

Wọ́n de ọwọ́ Bárìkì sẹ́yìn. Mo rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n tì mí ṣubú.

"Lọ sílé, àbúrò mi," ló wí. "Má jẹ́ kí wọ́n mú ìwọ náà."

Wọ́n mú un gba ọ̀nà Kátéèjì lọ sílé ẹjọ́ Késárì. Kò padà. Ìránṣẹ́ kankan ò sì wá mọ́. Bóyá Késárì wà, bóyá kò sí, a ò mọ̀. Àwọn jàǹdùkú gba ibi tí odi ti ya wọlé, wọ́n pa wá bí ẹran. Rógátù ti wọ ọkọ̀ ojú omi sá lọ kí wọ́n tó dé.

Lọ́sàn-án òní, mo jókòó sábẹ́ ère náà. Ìró náà bẹ̀rẹ̀. Ó lù lẹ́ẹ̀mejì. Ó dákẹ́. Mo gbọ́ èémí, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ẹnu fẹ́ eruku dànù. Eruku funfun já bọ́ sórí ìbòrí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó tún lù lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbójú sókè. Orí náà ṣì dán bí ẹyin.